Èmi àti Bátìrì Kejì

Mọ́ńdè, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Ta ló ń ta fóònù olè? Èmi? Èmi Bátìrì tí kì í tán! Gíláàsì, ẹnu ẹ á gbẹ bí àgbá tí wọ́n gbé sóòrùn. Ìwọ tó o jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù ní òdìkejì títì, tó o wọ gíláàsì dúdú nínú òjò bí ẹni tó ń sá fún ojú ara ẹ̀! Èmi wà lábẹ́ agboòrùn, tábìlì mi ní ẹsẹ̀ mẹ́ta àti búlọ́ọ̀kù kan, síbẹ̀ mo tà jù ẹ́ lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ṣé o mọ ìdí ẹ̀? Ìwọ ń ta fóònù. Èmi ń ta fóònù, mo ń fi ẹ̀rín ṣe ènì.

Ojú oníbàárà mi ni Gíláàsì ti sọ ọ́ o. Ó ní kí wọ́n ṣọ́ra, pé wọn ò mọ ibi tí mo ti ń kó fóònù àlòkù mi wá.

Ó dáa. Mo ti dá a lóhùn. Mo gbé káàdì ìdánimọ̀ mi lọ bá onítẹ̀wé, mo ní kó sọ ọ́ di ńlá. Ó ní ńlá bíi kí ni? Mo ní bí ilẹ̀kùn. Ó wò mí. "Bátìrì, bí ilẹ̀kùn?" Mo ní ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ni mo wí, mi ò ní géètì. Ojú mi wà níbẹ̀, orúkọ mi, nọ́ńbà káàdì pé pérépéré, ọjọ́ ìbí, ibi tí mo fọwọ́ sí. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ló gbà, ó sì fi rọ́bà bò ó nítorí òjò. Mo ní kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé OLÈ KÌ Í FOJÚ HÀN. Mo so ó kọ́ iwájú agboòrùn. Mo ya fọ́tò ẹ̀, mo gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì mi kí ayé lè rí i.

Fóònù mẹ́ta ni mo tà kó tó di ọ̀sán. Ìdáhùn nìyẹn.

Màmá Tíṣà kọjá ní ìrọ̀lẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ tó ṣófo ní kọ̀rọ̀ yẹn, tó ní ilẹ̀kùn irin àti iná tirẹ̀, ọkàn mi ò kúrò níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ìyá náà dúró, ó ka káàdì mi láti òkè dé ilẹ̀ bíi pé ó fẹ́ máàkì í. Ọdún márùndínlógójì ló fi ṣe ọ̀gá iléèwé, ó ṣì ń wo gbogbo èèyàn bí ẹni tó pẹ́ dé.

"Bátìrì."

"Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ma."

"Ìwé yìí tóbi o."

"Òtítọ́ ló tóbi, Màmá."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí lòun máa fúnni ní kọ́kọ́rọ́. Èèyàn méjì ló ń bẹ òun, èmi àti obìnrin kan tó ń ta irun. Owó kọ́ lòun ń wò, ìwà lòun ń wò. "Tí ẹnikẹ́ni bá gbé ọ̀rọ̀ jìbìtì ẹ wá bá mi kó tó dọjọ́ náà, má wulẹ̀ yọjú."

Mo ní, "Màmá, orúkọ mi mọ́ bí àwo tuntun."

Wẹ́sìdè, ọjọ́ kẹrin

Òjò láti àárọ̀, ṣùgbọ́n ọjà tà. Àwọn èèyàn ń dúró wo káàdì mi bí ẹni wo sinimá. Ọkùnrin kan fẹ́ ya á ní fọ́tò. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ n nu omi ojú ẹ̀ kí nọ́ńbà yẹn lè hàn dáadáa." Mo nu ún. Mo tún dúró tì í, mo na àtàǹpàkò. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Èèyàn pẹ̀lẹ́.

Mo lọ ya ara mi níwájú ṣọ́ọ̀bù Màmá Tíṣà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà fóònù ẹ̀ tó kọ sára ilẹ̀kùn, mo gbé ìyẹn náà sórí sítátọ́ọ̀sì: "Bátìrì ń wọ ṣọ́ọ̀bù tuntun lọ́gbọ̀njọ́! Kí inú ọ̀tá máa ta!"

Ṣájà ti gbówó lórí. Èyí tí mò ń rà ní ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ ti di ẹgbẹ̀rún méjì.

Sátidé, ọjọ́ keje

Ilé iṣẹ́ láìnì fi mẹ́séèjì ránṣẹ́, wọ́n ní kú oríire láìnì tuntun. Mi ò ra láìnì kankan. Wọ́n kàn fẹ́ràn mi ni. Mo pa á rẹ́.

Túsìdè, ọjọ́ kẹwàá

Ẹ máà wo bí mo ṣe ń kọ̀wé lónìí.

Obìnrin kan yọ sí mi láàárọ̀. Okùn ìwọ̀n wà lọ́rùn ẹ̀, abẹ́rẹ́ mẹ́ta wà láyà aṣọ ẹ̀. Aránṣọ ni. Kò kí mi, kò kí ọjà.

"Fóònù mi dà?"

"Ìyá mi, fóònù wo nìyẹn?"

"Èyí tí mo sanwó ẹ̀ fún ẹ ní Sátidé! O ní o máa gbé e wá ní Sọ́ńdè. Ní Sọ́ńdè o ní òjò ni. Òjò ti dá!"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹnì kan ló rán an láti fi mí ṣeré. Ó na fóònù ọmọ ẹ̀ sí mi lójú. Fọ́tò mi nìyẹn. Káàdì mi nìyẹn, pẹ̀lú OLÈ KÌ Í FOJÚ HÀN nísàlẹ̀. Nọ́ńbà tó fi ń bá a sọ̀rọ̀ nìkan ni kì í ṣe tèmi.

"Ṣé ojú ẹ kọ́ nìyí?"

"Ojú mi ni, ma."

"Ṣé orúkọ ẹ kọ́?"

"Orúkọ mi ni."

"Ṣé kì í ṣe èyí tó wà lókè orí ẹ yìí lo fi ránṣẹ́ sí mi, pé kí n fọkàn balẹ̀?"

"Òun náà ni, ṣùgbọ́n..."

"Kò sí ṣùgbọ́n. Fóònù mi dà?"

Èrò ti pé. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Fóònù méjì ló ní! Ọ̀kan ló fi ń tajà, ọ̀kan ló fi ń lu jìbìtì!" Èmi tí mo ta fóònù ojú fífọ́ fún lọ́yà, tí lọ́yà tún dúpẹ́, èmi náà ni mo wá ń wá lọ́yà. Mo wo òdìkejì. Gíláàsì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ mọ́yà.

Aránṣọ ní àgọ́ ọlọ́pàá lòun ń lọ. "Owó abẹ́rẹ́ ni. Á gún ẹ lọ́nà ọ̀fun."

Ọgbọ̀njọ́ ku ogún ọjọ́.

Wẹ́sìdè, ọjọ́ kọkànlá

Mo pe nọ́ńbà tó wà lórí fóònù ọmọ aránṣọ. Ó gbé e.

"Ẹ kú oríire o! Bátìrì tí kì í tán ló ń bá yín sọ̀rọ̀!"

Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni. Èmi ni mo dá a sílẹ̀, bí mo ṣe ń kí oníbàárà nìyẹn.

"Ta nìyẹn?" ni mo wí.

"Bátìrì ni. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi ni Bátìrì!"

Ó wá fi ohùn gbọ̀ngbọ̀n bú mọ́ mi. "Áà, ìwọ oníjìbìtì yìí! Ìwọ lo ń fi orúkọ mi kiri! Ọwọ́ á tẹ̀ ẹ́. Káàdì mi wà lọ́wọ́ mi o, ìwọ lọ mú tìẹ wá!"

Ó gé ìpè náà.

Mo jókòó. Mo yọ káàdì mi lápò, mo wo fọ́tò inú ẹ̀, mo fọwọ́ kan imú ara mi. Mo fẹ́ dá ara mi lójú ni.

Tọ́sìdè, ọjọ́ kejìlá

Mo ti pinnu pé Gíláàsì ni. Ta ló tún kórìíra mi tó yẹn? Mo ká apá aṣọ, mo wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀.

"Jáde síta! Ìwọ ni Bátìrì kejì!"

Ó ń tú ẹ̀yìn fóònù kan, kò gbójú sókè. "Ọ̀kan ṣoṣo tó wà lójú títì yìí ti sú mi. Mo wá lọ dá ìkejì sílẹ̀?"

Mo ní màá lù ú. Ó ní kí n kọ́kọ́ jókòó. Mo jókòó.

Ló bá bọ́ gíláàsì. Láti ọdún méjì tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò rí ojú ẹ̀ rí. Ojú èèyàn lásán ni. Ó tiẹ̀ rẹ̀ ẹ́.

"Ṣé o rò pé fáàrí ni mo fi ń wọ nǹkan yìí? Wọ́n fi ojú mi àti káàdì mi ta ẹ̀rọ ìfọṣọ tí mi ò ní. Obìnrin kan gbá mi létí ní ibùdókọ̀, mi ò mọ̀ ọ́n rí láyé mi. Látìgbà náà ni mi ò ti fẹ́ kí èèyàn tètè dá mi mọ̀."

"Kí ló dé tó ò kìlọ̀ fún mi nígbà tí mo gbé káàdì kọ́?"

"Mò ń bọ̀ wá sọ ọ́. O bú mi kí n tó la títì kọjá. O ní ihò imú mi dà bí ibi tí wọ́n ń ki ṣájà bọ̀."

Mo rántí. Gbogbo ọjà ló rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

"Pé mò ń ta fóònù olè ńkọ́?"

"Mo sọ ọ́. O ń gba oníbàárà mi, inú ń bí mi. Má bínú." Ó fọ ojú gíláàsì mọ́ aṣọ ẹ̀. "Ṣùgbọ́n jẹ́ n bi ẹ́. Ṣé ò ń nu fọ́tò àti ìwé tó wà nínú fóònù àlòkù kó o tó tà á?"

Mi ò nu ọ̀kan rí.

Ó wá sọ ohun tí mo máa ṣe. Kí n já káàdì yẹn bọ́ lójú ẹsẹ̀. Kí n lọ fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí n sì gba ìwé ẹ̀, kí n má dúró dìgbà tí wọ́n bá wá mú mi. Kí n lọ ilé iṣẹ́ láìnì, kí wọ́n ka gbogbo láìnì tó wà lórúkọ mi jáde. Kí n sọ fún báńkì. Kí n pa sítátọ́ọ̀sì yẹn rẹ́. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn páálí fóònù fún mi, nítorí ó mọ̀ pé orí mi ò sí nílé.

Mo já káàdì náà. Agboòrùn mi rí bí ẹni tí wọ́n fá lórí.

Fúráìdè, ọjọ́ kẹtàlá

Àgọ́ ọlọ́pàá. Mo ká káàdì ńlá yẹn bí ẹní, mo gbé e léjìká. Sájẹ́ǹtì ní, "Kí lo gbé wá yìí, o fẹ́ sùn síbí ni?" Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú ẹ̀. Ó wò ó. Ó pe ẹnì kejì ẹ̀. Ẹnì kejì pe ẹnì kẹta. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ọ̀dọ́mọkùnrin, wọn ò jí ẹ gbé. Ìwọ fúnra ẹ lo gbé ara ẹ fún wọn, o tún fi rọ́bà wé e."

Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ojú ẹ̀ yí padà. Aránṣọ ti fẹjọ́ mi sùn. Èèyàn méjì mìíràn náà ti wá. Ó kọ tèmi náà sílẹ̀, ó lu òǹtẹ̀ sí i, ó ní kí n máa wá fara hàn ní gbogbo Fúráìdè, kí n má sì kúrò nílùú. "Tí ẹ̀rí bá fi hàn pé ìwọ náà ni Bátìrì kejì, a ò ní rẹ́rìn-ín mọ́."

Mo fi abẹ́ gé káàdì ńlá náà wẹ́wẹ́ nílé. Nọ́ńbà ni mo kọ́kọ́ gé. Mo fi ojú mi sílẹ̀ kẹ́yìn, ó ṣe mí bákan.

Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo lọ kí Màámi. Mi ò tíì jókòó tó fi ní, "O pè mí lánàá."

"Kí ni mo sọ?"

"O ní o ti sọ fóònù ẹ nù. O ní nọ́ńbà mẹ́fà kan máa wọ orí fóònù mi, kí n kà á fún ẹ. O tún ń pè mí ní Mọ́mì." Ó yọ ṣùtì. "Mọ́mì! Èmi tí mo bí ẹ, mo mọ ohun tó ò ń pè mí. Mo ní kó sọ orúkọ tí mo fi ń pè ẹ́ tí inú bá ń bí mi. Ó ní 'ọmọ mi.' Mo ní irọ́ ni, ta ló ń bínú tó ń pe ọmọ ẹ̀ lọ́mọ? Ló bá sá lọ."

Mo dì mọ́ Màámi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e nílẹ̀. Ó ní kí n sọ òun kalẹ̀, ìbàdí ń dun òun.

A ti fohùn ṣọ̀kan: ẹni tó bá pè é lórúkọ mi, àfi kó sọ orúkọ yẹn. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Mi ò kọ nǹkan báyẹn síbikíbi mọ́.

Túsìdè, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ilé iṣẹ́ láìnì. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo ti débẹ̀, èmi ni ẹni kọkànlélógójì lórí ìlà. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tẹ nọ́ńbà káàdì mi, ó ní, "Láìnì mẹ́rin lẹ ní, sà."

"Ọ̀kan ni mo ní."

"Mẹ́rin ni mò ń rí. Mẹ́ta wọlé láàárín ọjọ́ kẹfà sí ìkẹjọ."

Mo gbé ìwé ọlọ́pàá sílẹ̀. Mo tẹ ìka, wọ́n ya ojú mi. Ó ní àwọn máa pa mẹ́ta náà kó tó di alẹ́. Mo fò sókè. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi ní tí mo bá ti fò tán kí n kúrò lójú ìlà.

Wẹ́sìdè, ọjọ́ kejìdínlógún

Tèmi ni wọ́n pa.

Fúráìdè, ogúnjọ́

Ọjọ́ méjì láìsí láìnì. Oníbàárà ń pè, mi ò wọlé. Olè ń gbé fóònù, ó ń dáhùn. Wọ́n pa onílé, wọ́n dá olè sí. Ọmọbìnrin yẹn bẹ̀ mí títí, ó ní ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe. Mo ní ẹ sọ fún ẹ̀rọ yín pé mo gbóríyìn fún un. Ó dá tèmi padà, ó pa mẹ́ta yẹn níṣojú mi, ó yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi kí n rí i.

Mo fara hàn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Sájẹ́ǹtì kàn mi orí ni. Ẹ̀rù tìyẹn tiẹ̀ bà mí ju ẹ̀rín ọjọ́ sí lọ.

Sátidé, ọjọ́ kọkànlélógún

Òjò ò jẹ́ kí n pàtẹ. Mo jókòó nílé, mo gbé fóònù àlòkù mẹ́sàn-án tó kù sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti nu wọ́n.

Nínú èkíní, fọ́tò káàdì báńkì, iwájú àti ẹ̀yìn. Nínú ẹ̀kẹta, ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ kékeré kan, pẹ̀lú orúkọ bàbá àti ìyá ẹ̀. Nínú ẹ̀kẹfà, obìnrin kan di káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rẹ́rìn-ín fún ilé iṣẹ́ kan níbì kan. Ó wá jẹ́ pé èmi ló ń rẹ́rìn-ín fún.

Mélòó ni mo ti tà báyìí láti ọdún méjì? Mi ò fẹ́ ṣírò ẹ̀. Mo nu mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án. Ó gbà mí ní odidi ọjọ́.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo lọ ṣe fọ́tókọ́pì káàdì mi fún báńkì. Èyí àkọ́kọ́ tó ti inú ẹ̀rọ jáde wọ́, onítẹ̀wé ká a, ó jù ú sórí òkìtì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Mo ní, "Fún mi."

"Ó ti bàjẹ́."

"Mo mọ̀. Fún mi ní bíbàjẹ́ mi."

Ó ní ẹlẹ́pà ló máa ń wá kó wọn, ó fi ń di ẹ̀pà. Mo tú òkìtì yẹn wò. Ojú èèyàn, nọ́ńbà èèyàn, ìwé ẹ̀rí iléèwé. Ẹ̀pà ni gbogbo wa.

Gíláàsì ti kọ́ mi ní ọgbọ́n kan: mo fi báírò kọ ọ́ gba ojú fọ́tókọ́pì kọjá pé báńkì ni mo fún, mo kọ ọjọ́ sí i. Tó bá débòmíràn, ẹnu ẹ̀ á jẹ́wọ́.

Wẹ́sìdè, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Màmá Tíṣà ránṣẹ́ pè mí. Mo mọ̀ pé ó ti gbọ́. Pálọ̀ ẹ̀ mọ́ débi pé èèyàn á fẹ́ bọ́ ẹsẹ̀ gan-an sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò ní kí n jókòó.

Ó na fóònù ẹ̀ sí mi. "Ka èyí."

*Màmá, èmi Bátìrì ni o. Mo ti yí nọ́ńbà padà nítorí olè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwé ṣọ́ọ̀bù àti káàdì yín ránṣẹ́, kí lọ́yà mi yẹ̀ ẹ́ wò kó tó di ọgbọ̀njọ́.*

Láti Sọ́ńdè ni. Láìnì tuntun mìíràn. Mo mọ ibi tó ti rí gbogbo ẹ̀. Sítátọ́ọ̀sì mi ló ti rí ọgbọ̀njọ́, ara ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn mi nínú fọ́tò yẹn ló ti ka nọ́ńbà Màmá Tíṣà. Èmi ni mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí mò ń pariwo ọ̀tá.

"Màmá, èmi kọ́. Mo fi Màámi búra."

"Òun náà á búra." Ó gba fóònù ẹ̀. "Mi ò tíì fi nǹkan kan ránṣẹ́. Àwọn kan ní ẹni méjì ni yín. Àwọn kan ní ìwọ kan náà lo ní fóònù méjì. Aránṣọ wá síbí, ó sunkún lórí àga yẹn."

Mo ní kí ni kí n ṣe. Ó ní nígbà tóun wà níléèwé, tí ọmọ méjì bá kọ ìdáhùn kan náà, òun kì í na ẹnikẹ́ni. Òun á mú ọ̀kan jókòó sọ́dọ̀ òun, òun á fi òmíràn síbi tó wà, òun á wá béèrè ìbéèrè tuntun. "Wá ní Mọ́ńdè, aago mẹ́wàá. Aránṣọ á wà níbẹ̀. Àá tú àpò ẹ. Màá gba fóònù ẹ. Tí Bátìrì kan bá dá mi lóhùn nígbà tó o jókòó síwájú mi láìní nǹkan lọ́wọ́, mo ti mọ̀."

"Tí kò bá wá dáhùn ńkọ́, Màmá?"

Ó wò mí láti òkè awò ojú ẹ̀.

Sátidé, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Tí kò bá dáhùn ńkọ́? Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo fẹ́ kó kú. Ní báyìí, mò ń gbàdúrà kí ara ẹ̀ yá, kí fóònù ẹ̀ ní iná, kó má sùn pẹ́ ní Mọ́ńdè. Ta ló gbàdúrà báyìí rí?

Gíláàsì ní kí n lọ sinmi, òun á bá mi wo tábìlì mi. Ó ta ṣájà méjì fún mi ní iye tó ju tèmi lọ. Ó kó gbogbo owó fún mi. Mo ní, "Ihò imú ẹ ò tiẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀." Ó ní òun gbọ́.

Sọ́ńdè, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mi ò sùn.

Mọ́ńdè, ọgbọ̀njọ́

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Pálọ̀ Màmá Tíṣà ni mo ti ń kọ èyí. Ó ní kí n kọ̀wé tí ọkàn mi ò bá balẹ̀, bó ṣe máa ń sọ fáwọn ọmọ iléèwé nìyẹn. Aránṣọ tú àpò mi, ó fọwọ́ tẹ ìṣẹ́po aṣọ mi bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Ó ní kí n bọ́ bàtà. Mo bọ́ ọ. Ó ní kí n tún wọ̀ ọ́. Màmá ti fóònù mi mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ń dún níbẹ̀, oníbàárà ni. Kò sẹ́ni tó yíjú síbẹ̀.

Màmá tẹ mẹ́séèjì sí nọ́ńbà yẹn, ó ń kà á sókè bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́: "Bátìrì, níbo lo wà báyìí?"

Mẹ́wàá kọjá ogún. Kò dáhùn.

Mẹ́wàá ààbọ̀. Aránṣọ ń wo ọwọ́ mi. Mo gbé ọwọ́ òsì sórí orúnkún kó lè máa rí i. Tọ̀tún ni mo fi ń kọ̀wé. Ó ń wo báírò náà.

Kọkànlá ku mẹ́wàá. Màmá ní òun á dúró di aago kọkànlá. Lẹ́yìn ìyẹn, obìnrin tó ń ta irun yẹn ń bọ̀.

Jọ̀ọ́, olè mi. Ìwọ tó o mọ ẹnu mi, tó o mọ ojú mi. Jí.

Kọkànlá ku mẹ́ta. Fóònù Màmá dún.

Ó kà á sínú. Aránṣọ dìde. Màmá wá kà á sókè, díẹ̀díẹ̀: "Màmá, mo wà lábẹ́ agboòrùn mi, mò ń tajà. Ẹ kú oríire o."

Ọwọ́ òsì mi wà lórí orúnkún mi. Lójú fèrèsé, a ń rí agboòrùn mi láti ibí. Gíláàsì nìkan ló wà lábẹ́ ẹ̀, ó ń fi páálí fẹ́ atẹ́gùn sára.

Màmá pe nọ́ńbà náà, ó jẹ́ kó sọ̀rọ̀ síta. "Bátìrì tí kì í tán ló ń bá yín sọ̀rọ̀!" Aránṣọ fi ọwọ́ bo ẹnu. "Òun nìyẹn," ló ń wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ohùn tó gbowó mi nìyẹn." Ó wò mí, omi wà lójú ẹ̀. Kò bẹ̀ mí. Ó kàn wá tún kọ́là aṣọ mi ṣe, èyí tó ti dàrú nígbà tó ń tú mi wò.

Màmá bá oníjìbìtì náà sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ó ní ìwé ṣọ́ọ̀bù ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń ya á ránṣẹ́, kó wá gbà á lọ́la láàárọ̀. Oníjìbìtì ní òun á rán ẹnì kan. Ẹ wo ọgbọ́n! Ìyá yìí, tó mọ fóònù lò jù mí lọ!

Ó pe Sájẹ́ǹtì. Ó ṣàlàyé. Ó na fóònù sí mi. Sájẹ́ǹtì ní àwọn máa wà nílé Màmá kó tó di aago méje. Ó ní láti ìsinsìnyí títí di ìgbà yẹn, kí n má pe ẹnikẹ́ni, kí n má dá ẹnikẹ́ni lóhùn, kí n má gbé nǹkan kan sójú ayé. "Gbogbo ohun tí Bátìrì bá sọ láti ìsinsìnyí, mo fẹ́ kó jẹ́ ti olè yẹn nìkan."

Lẹ́yìn tó gé e, Màmá dìde. Kò sọ̀rọ̀ ìwúrí, kò gbá mi léjìká. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ méjì sórí ìwé yìí gan-an, síbi tí mo ti ń kọ̀wé, ọ̀kan fún ilẹ̀kùn irin, ọ̀kan fún agádágodo. Ó ní, "O lè jókòó báyìí." Mo ti jókòó tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ní lọ́kàn.

Ó wá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó dá fóònù mi padà. Ìpè mẹ́rìnlá. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ sójú fèrèsé, oòrùn tàn sí i, ó ń dán. Mo ti ṣí kámẹ́rà kí n tó mọ̀. Mo ti mọ ohun tí màá kọ sábẹ́ ẹ̀ pàápàá. Ó dùn, ó dùn gan-an, Gíláàsì á rẹ́rìn-ín títí.

Mi ò ya á.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Bí ẹni tí olè bá rán wá lọ́la ò bá mọ nǹkan kan ńkọ́? Bí ó bá ti ta nọ́ńbà mi fún Bátìrì kẹta ńkọ́? Mi ò mọ̀. Mo mọ ohun kan ṣoṣo: ẹni tó bá gbọ́ ohùn Bátìrì lónìí, tó bá rí ojú Bátìrì, tí Bátìrì bá ní kó fi nǹkan ránṣẹ́, èmi kọ́ o. Mo ti pa fóònù mi.